Olùkàwé Tí N Kò Rí Rí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí: nítorí ohun tí ọmọkùnrin kan ń sọ ni mo ṣe nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìrìn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ dára. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ìyá mi sì ti ń wò mí bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná.

Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá àwọn ọ̀dọ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fèrèsé mẹ́ta wà tí ẹyọ kan ṣoṣo sì ń ṣí. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé kí àwọn ọmọ tó kà á, kí n sì mọ ẹni tí màá nà án sí. Ìtàn sáyẹ́ǹsì ló pọ̀ jù nínú wọn: ìtàn ọjọ́ iwájú, ti ọkọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀, ti ìlú abẹ́ òkun, ti ẹ̀rọ tó ń tọ́mọ bí ìyá. Àwọn àgbàlagbà rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Èmi ti rí ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó sunkún lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí mo fi bu omi fún un mu.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọlé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọ́ìlì. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń túnṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, Onímáṣíìnì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ẹ káàsán, àǹtí. Ìwé ni mo wá yá fún ọmọ mi."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ó ń lọ sí méjìlá."

"Irú ìwé wo ló fẹ́ràn?"

"Èyí tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ lọ sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n tètè débẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Mo mọ ìwé tí mo fẹ́ fún un lójú ẹsẹ̀: ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ tó máa rin ìrìn igba ọdún. Mo wá sọ fún un pé òfin wa ni pé kí ọmọ wá fúnra rẹ̀ kí a tó fún un ní káàdì.

"Kò lè wá," ó ní.

Bó ṣe sọ ọ́ kò jẹ́ kí n bèèrè ìdí. Mo ti fi ojú inú mi rí àga onítáyà, mo ti rí oògùn lórí àpótí, àánú ti ṣe mí. Mo ní kò burú, kí ó fọwọ́ sí káàdì náà dípò ọmọ rẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi ṣe é. N kò ní kọ orúkọ tó wà lórí káàdì náà síbí. Bàbá rẹ̀ pàápàá kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ló ń pè é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà wá.

"Ọ̀gá Kékeré ní òpùrọ́ ni ọ̀gá ọkọ̀ yẹn."

"Báwo ló ṣe mọ̀?"

"Ó ní ọ̀gá sọ pé ènìyàn mẹ́wàá ló wà nínú ọkọ̀. Àwo mọ́kànlá ni ọ̀gá ń gbé sórí tábìlì."

Mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. N kò ka àwo rí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo ṣí ìwé náà, mo wá ojú ewé yẹn kàn, mo kà wọ́n. Mọ́kànlá ni. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn pẹpẹ ìwé, orí mi wú. Ta ni ọmọ yìí?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kàwé fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí ìwé tuntun bá dé, màá bi ara mi pé kí ni Ọ̀gá Kékeré máa sọ. Mo máa ń kọ ìwé pélébé sínú rẹ̀: "Ka orí kẹfà lẹ́ẹ̀mejì." Ní Ọjọ́rú kejì, èsì á dé láti ẹnu bàbá rẹ̀. Ti ẹ̀rọ tó ń tọ́mọ, Ọ̀gá Kékeré ní kí wọ́n má pa á, pé tó bá ti lè kọrin fún ọmọ títí ọmọ fi sùn, irin tó jẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ti ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀yìn, sí ọjọ́ tó ti kọjá, ó ní kí wọ́n pa ìwé náà dé láàárín. Òun ò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni dá a lóhùn.

"Ó sú u ni?" mo bèèrè.

"Kò sú u," Onímáṣíìnì ní, ó sì wo ibòmíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́. Ó tún fèrèsé méjì yòókù ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Á jókòó sórí àga kékeré tí a ṣe fún àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, á wá máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí ọdún kan pé, ó ní, "Àǹtí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo kàn ń rí i pé mo máa ń ka iye ọjọ́ tó kù kó tó di Ọjọ́rú."

"Èmi náà máa ń kà á," mo ní, mo sì sáré lọ to ìwé tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ní gbogbo ọdún kan yẹn, kò bi mí rí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí nínú rẹ̀?" Bí mo bá wà lórí ibùsùn mi, màá máa bi ara mi: ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́, àbí ẹni tó ń yan ìwé fún ọmọ rẹ̀?

Bàbá Gọ́ọ̀mù ló fi ohun tí n kò fẹ́ rí hàn mí. Ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé ló wà, òun ló ń lẹ ìwé tó bá ya, gbogbo wa sì ń pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó to ìwé mẹ́rin síwájú mi.

"Wo igun ojú ewé wọn. Àtàǹpàkò ta nìyẹn?"

Ọ́ìlì ni, ó hàn fẹ́ẹ́rẹ́, ní igun kan náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. "Ti Onímáṣíìnì."

"Ti ọmọ rẹ̀ dà?"

Mo ṣí ìwé kejì, mo ṣí ìkẹta.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń lẹ ohun tí ọmọdé bàjẹ́," Bàbá ní. "Wọ́n á ká etí ìwé, wọ́n á da ṣúgà sí i, wọ́n á fi bíró fa irùngbọ̀n sí ojú ọmọbìnrin tó wà lára èèpo. Àwọn wọ̀nyí mọ́ jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà wọ́n, irùngbọ̀n sì wà lójú ẹni náà."

"Ó lè jẹ́ pé òun ló ń kà á sí i létí, Bàbá."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko. Mo ń yan ìwé. Mo ń kọ ìwé pélébé sínú wọn. Ara mi máa ń tutù bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ náà lẹ́nu, síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ó má wá.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya, mo ní kó wá kí ìyá mi. Nọ́ọ̀sì àgbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá mi. Bàbá mi ti kú tipẹ́, nítorí náà òun nìkan ni ilé ẹjọ́, òun náà ni adájọ́. Ó ní kí ọkùnrin náà mú ọmọ rẹ̀ dání. Onímáṣíìnì wá pẹ̀lú Bàbá Gọ́ọ̀mù, tó ti gbà láti ṣe alárinà wa. Àwọn méjèèjì wọ bàtà dídán, wọ́n jókòó sórí àga gígùn, wọ́n ń wo orúnkún ara wọn.

"Ọmọ náà dà?" ìyá mi bèèrè. "Mo ti gbọ́ ọgbọ́n rẹ̀ títí ó fi ń wù mí kí n rí i."

"Kò lè wá, mà."

"Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ó ti kú, mà," Onímáṣíìnì ní. "Ó di ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta."

Bàbá Gọ́ọ̀mù pa ojú rẹ̀ dé. Èmi tí mo ti mọ̀, omi bọ́ lójú mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ó rọra sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ibà ọjọ́ márùn-ún ni. Ìwé kan ni òun ń kà sí i létí lórí ibùsùn, ó sì ku ogójì ojú ewé kí àwọn parí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ohun tó ń dun òun jù ni pé ọmọ náà kò mọ bí ìtàn náà ṣe parí. Lọ́jọ́ kan òun wọ yàrá rẹ̀, òun jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, òun ka ogójì ojú ewé náà sókè.

"Nígbà tí mo kà á tán, ó ní òpin yẹn ò dáa."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?" ìyá mi bèèrè.

"Òun ni, mà."

"O gbọ́ ọ létí rẹ?"

"Kì í ṣe etí, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi náà ni mo rò ó. Èmi kì í ka àwo. Ìyá rẹ̀ ní òun ò lè gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn báyìí. Mi ò bá a wí. Nígbà tí ìwé ilé tán ni mo wá sí ilé ìkàwé." Ó wá wò mí. "Mi ò purọ́ fún yín, àǹtí. Mo ní kò lè wá ni."

Òótọ́ ni. Kò purọ́. Èmi ni mo purọ́ fún ara mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi fà mí wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mo ti gbé ọmọ tó kú lé òbí lọ́wọ́ ju bí o ṣe rò lọ," ó ní. "Àwọn tó ń sunkún, tó ń yí nílẹ̀, ara wọn máa ń padà bọ̀ sípò. Àwọn tó bá gba ọmọ náà mọ́ra, tí wọ́n wá ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù. Mi ò sọ pé ọkùnrin burúkú ni. Mo ní ilé rẹ̀ kún. Ibo lo fẹ́ gbé àpótí rẹ sí?"

"Mọ́mì, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ ti sọ fún mi kí ẹnu rẹ tó sọ ọ́. Kó dá káàdì yẹn padà. Kó yéé kàwé fún ibùsùn òfìfo. Bó bá ṣe é, èmi fúnra mi ni màá wọ aṣọ tó dára jù níbi ìgbéyàwó yín."

N kò bá a jiyàn, ohun tó sì ń pa mí lára nìyẹn. Mo fẹ́ kí ìyá mi borí. Mo ń jowú ọmọ tí ó ti kú, mo sì tún ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, torí òun ni olùkàwé tó dára jù tí mo ní láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń fà mí síhìn-ín, ìkejì ń fà mí sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá mú Ọ̀gá Kékeré kúrò, kí ló máa kù tí èmi àti ọkùnrin yìí á máa sọ fún ara wa?

Ọjọ́rú mẹ́fà kọjá tí kò wá. Bàbá Gọ́ọ̀mù ló ń lọ, òun ló ń bọ̀. "Ó gbọ́ ohun tí màmá rẹ sọ," ó ní lọ́jọ́ kan. "Ó ní òun ń ronú." Lọ́jọ́ mìíràn ó ní, "Ó ti rù. Ìwọ náà ti rù. Ẹ má sọ iṣẹ́ yìí di èyí tó máa pa arúgbó." Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú keje, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò mú ìwé kankan dání. Ó fi káàdì náà sórí tábìlì mi.

"Màmá ní kí n dá a padà. Mo ti gbà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìwọ ni mo fẹ́," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní ìwọ.

Ìlànà wa ni pé káàdì tí a bá gbà padà, kí a gé e sí méjì láti igun kan sí èkejì, kí a jù ú sínú agolo. Mo lè fi í sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo lè sọ pé kó mú un lọ sílé, kó fi í pamọ́. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e níṣojú rẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń gé e. Mo rí i bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe fò nígbà tí irin pàdé irin, inú mi ṣì ń dùn.

A ṣe ìgbéyàwó wa níwájú akọ̀wé ìjọba kan tó ń kanjú. Àwa mẹ́jọ péré la wà níbẹ̀. Ìyá mi wọ aṣọ tó ṣèlérí, Bàbá Gọ́ọ̀mù sì fi ọwọ́ tó ń rùn fún gọ́ọ̀mù bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Mo kó wọ ilé oníyàrá mẹ́ta. Yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ni ibùsùn kékeré wà, pẹ̀lú pẹpẹ ìwé kan. Ọkọ mi ní kí n kó ìwé tèmi sí i. N kò kó o.

Ọkọ rere ni. Á ti ṣọ́ọ̀bù dé, á wẹ̀, á jẹun, á bá mi fọ àwo. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó máa ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, n kò rí i mọ́. Mo wá rí i pé ohun tí mo ń bẹ̀rù ti dé bá mi. Mo ti lé ọmọ náà jáde, ó sì ti mú bàbá rẹ̀ lọ. Níbi iṣẹ́, bí mo bá ka ìwé tuntun tán, màá ní, "Ọ̀gá Kékeré máa kórìíra eléyìí," màá wá rántí. Èmi ni mo gé e. Ìyá mi kò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí.

Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, mo mú ìwé kan bọ̀ wá sílé. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń gbé orí òṣùpá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tẹ́tí sí ohùn tó ń bọ̀ láti ayé. Ohùn kankan kò dé mọ́, síbẹ̀ ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ sí ilé ìdáná.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ti ilé ìyá mi dé, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ń kàwé sókè. Mo bọ́ bàtà mi, mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sórí ibùsùn kékeré, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ka ojú ewé kan tán, ó dánu dúró, ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró. Ó tún ka òmíràn. Ó tún dúró. Èmi náà ń tẹ́tí.

"Kò sọ nǹkan kan," ó ní, láìwo ẹ̀yìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ yẹn, ní ilé ìkàwé. Bí o bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń wá síbí. Mo ti ka gbogbo àwọn ti tẹ́lẹ̀ fún un, èyí tó fẹ́ràn jù pàápàá. Mo rò pé ó ń bínú sí mi."

Mo di ilẹ̀kùn mú. Mo mọ ọmọ yẹn. Mo mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀: ó máa ń ṣe ṣókí, á ka nǹkan, á mú òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu mi tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Kí n kàn sọ pé "Ó ní," ọkọ mi á gbà gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á tún máa gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo la ẹnu. Mo rí ara mi bí mo ṣe máa máa purọ́ fún un ní yàrá yìí títí orí mi fi máa funfun, tí èmi fúnra mi kò sì ní sí nínú ilé náà mọ́. Mo pa ẹnu dé. Mo tún un là.

"Ọmọbìnrin orí òṣùpá yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀," mo ní. "Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó kàn ń jókòó síbẹ̀ torí pé bó bá dìde, ó máa di dandan kó lọ gbé inú ilé tó ṣẹ́kù. Ilé náà ló ń bà á lẹ́rù. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́."

Ó yíjú padà.

"Kì í ṣe òun nìyẹn."

"Rárá. Èmi ni."

Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn dé orí òkè tó wá bá ẹni tí kò mọ̀ nídìí tábìlì. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"O ò sọ èrò tìrẹ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

Ó wo ìwé náà. Ó fi ìka sí ibi tó kà dé kó má baà sọnù.

"Kí lo tún rí níbẹ̀?"

Ó sún lórí ibùsùn náà kí n lè jókòó. Àyè tó fi sílẹ̀ láàárín èmi àti òun tó ọmọ tó ń lọ sí mẹ́rìnlá. Mo jókòó sí etí níhà tèmi, n kò gba àyè náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí mo rí fún un.